Èsì: Ṣé òjijì ni Meranda di abẹnugan Èkó?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé Mojisola Meranda kàn ṣàdédé bọ́ sórí àga abẹnugan ilé aṣòfin Èkó ni. Rárá o. Láti 2015 ló ti ń ṣojú Àpápá Kìíní níbẹ̀, ó sì di igbákejì abẹnugan ní 2023. Nígbà tí àwọn aṣòfin yọ Mudashiru Obasa tó jẹ́ abẹnugan ní 13 Oṣù Kìíní 2025, òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Obìnrin kankan ò dé ipò yẹn rí l'Ékòó. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè yọ abẹnugan. Nínú ogójì tó wà l'Ékòó, 27 nìyẹn. Àmọ́ Obasa ní wọn ò tẹ̀lé ìlànà, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, àwọn àgbà ẹgbẹ́ APC náà sì dá sí i. Ní 3 Oṣù Kẹta, Meranda fipò sílẹ̀, Obasa padà sórí àga, ìyáàfin náà sì tún di igbákejì. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló borí ìbò àwọn tí ará ìlú yàn.