Ewé ọsàn mi ń pọ́n nínú yanrìn Phoenix: irú ajílẹ̀ wo ni kí n fún un?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà ní Phoenix, ní Arizona. Igi ọsàn mímu kan àti gíréèpù (grapefruit) kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti ń so kí ó tó ra ilé náà. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ewé wọn ti ń pọ́n, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ: iṣan ewé á dúdú, àárín rẹ̀ á pọ́n. Mo gbọ́n eérú sí ìdí wọn bí a ṣe ń ṣe nílé, mo da odindi àpò fatiláísà sí i lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù Kẹrin, mo sì ń bomi rin wọ́n ní àràárọ̀. Ṣe ló ń burú sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú igi o. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe yìí ni ì bá ṣiṣẹ́ ká ní oko wa nílé ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò jọ tiwa rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí eérú bẹ̀rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún kan ju sẹ̀ǹtímítà 100 lọ. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ti fọ ẹfun inú ilẹ̀ wa lọ láti ayébáyé, ìyẹn ni ilẹ̀ wa fi máa ń kan díẹ̀. Eérú ló ń pa ìkan yẹn, ni ohun ọ̀gbìn ṣe ń gbádùn rẹ̀. Ní Phoenix, òjò ọdún kan gbáko kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 18 sí 20 lọ. Kò sí omi tí yóò fọ ẹfun lọ, gbogbo rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti fẹ́ dà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí a bá wọn pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó (bó bá ṣe ń lọ sókè ni ìkan ń dínkù), nǹkan bíi 8 la máa ń bá, bẹ́ẹ̀ ó wu ọsàn kó wà láàárín 6 sí 7. Eérú tí ẹ dà síbẹ̀, epo lẹ dà síná. Ẹ gbá èyí tó bá ṣì wà lójú ilẹ̀ kúrò, ẹ má sì dà á síbẹ̀ mọ́.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ láti ìdí igi, ẹ kán fínígà sí i. Bó bá ń hó ṣùù bí Andrews nínú ife omi, ẹfun ló ń bá fínígà jà yẹn. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹfun náà ti dì bíi sìmẹ́ńtì lábẹ́ yanrìn. Caliche ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ọkọ́ kì í wọ̀ ọ́, omi kì í sì í là á kọjá.

Ohun tó ń ṣe igi yín, àìrí irin jẹ ni. Irin wà nínú ilẹ̀ yẹn o, kò wọ́n níbẹ̀ rárá, àmọ́ nínú ilẹ̀ ẹlẹ́fun, ṣe ló ń dì, kò ní yòrò, gbòǹgbò kò sì lè mu ohun tí kò yòrò. Ewé tí ẹ ṣàpèjúwe ló fi hàn mí. Irin tó bá ti wọ inú ewé àgbà kì í kúrò níbẹ̀ lọ bá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé tuntun ló ń jìyà. Ká ní náítírójìn ni kò rí jẹ ni, ewé àgbà ni ì bá kọ́kọ́ pọ́n, tòun ti iṣan rẹ̀, torí igi máa ń gba náítírójìn lọ́wọ́ ewé àgbà fún ewé tuntun.

Síbẹ̀, omi àràárọ̀ yẹn ni mo fura sí ju eérú lọ. Gbòǹgbò tí omi kì í kúrò lára rẹ̀ kò rí atẹ́gùn, kò sì lágbára láti fa irin. Mo ti hú ìdí irú igi bẹ́ẹ̀ wò rí: àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ń rùn, mo fi ìka méjì fà wọ́n, awọ wọn bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku fọ́nrán kan bí òwú. Igi tó bá rí báyẹn, kò sí ajílẹ̀ tí ẹ lè fún un tí yóò rí i jẹ. Nítorí náà, ẹ dá omi ojoojúmọ́ dúró. Nígbà ooru, ẹ máa bomi rin wọ́n ní ọjọ́ 7 sí 10 síra, àmọ́ kí ó rinlẹ̀ dáadáa, tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90. Ẹ fi ọ̀pá irin tín-ín-rín gún ilẹ̀ wò: ibi tí omi bá dé ni ọ̀pá á wọlé dé, ibi tó bá ti gbẹ ni á ti dúró. Nígbà òtútù, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ra irin. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: irin tí wọ́n fi EDDHA dì mú ni kí ẹ wá. EDDHA àti EDTA jẹ́ èròjà tó ń di irin mú kí ẹfun má bàa dì í mọ́lẹ̀. EDTA kò lè di irin mú nínú ilẹ̀ tí pH rẹ̀ bá ti ju 7 lọ, owó á kàn wọlẹ̀ ni. Iron sulfate tó pọ̀ lọ́jà náà, bí ẹ bá dà á sílẹ̀ lásán, kò ní pẹ́ tí ẹfun á fi dì í mọ́lẹ̀. EDDHA wọ́n ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ òun ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa ni. Bó bá ta sí sìmẹ́ńtì tàbí aṣọ, kì í fẹ́ kúrò. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara páálí ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bomi sí i lójú ẹsẹ̀.

Ní ti àpò fatiláísà yẹn, yanrìn kì í di oúnjẹ mú. Omi á wọ́ apá kan lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò dé, ìyókù á sì di iyọ̀ tó ń jó gbòǹgbò. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ gan-an ti ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀. Odò kan tí ìlú náà ti ń rí omi, Salt River lorúkọ rẹ̀, ìyẹn odò oníyọ̀. Bí ẹ bá rí i tí etí ewé ń jó, tó ń gbẹ bí bébà tí iná rá, ẹ da omi tó pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ rọra máa mu ún fún wákàtí púpọ̀, kí omi náà lè ti iyọ̀ wọ ìsàlẹ̀ lọ.

Ẹ má fún wọn ní fatiláísà mìíràn báyìí. Ó di ìparí oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta: oṣù Kejì, oṣù Karùn-ún, àti àkókò tí mo wí yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá oṣù Kẹsàn-án, torí ẹ̀ka tútù tó bá yọ lẹ́yìn ìgbà náà ni òtútù oṣù Kejìlá máa ń pa.

Ammonium sulfate ni mo fẹ́ràn fún ilẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà 21-0-0 ló wà lára àpò rẹ̀: nínú pọ́ùn 100, 21 ni náítírójìn. Bó ṣe ń yí padà nínú ilẹ̀, ó máa ń fi ìkan díẹ̀ sílẹ̀, èyí sì ṣàǹfààní. Igi ọsàn tó ti dàgbà ń fẹ́ náítírójìn bíi pọ́ùn kan sí pọ́ùn kan àbọ̀ lọ́dún. Kí ó lè tó pọ́ùn kan, ẹ ó lo tó pọ́ùn márùn-ún nínú ohun tó wà nínú àpò náà. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, ó lé díẹ̀ ní pọ́ùn kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ra èyí tí nọ́ńbà àárín rẹ̀ ga. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìyẹn, bó bá pọ̀ jù, ó máa ń ṣèdíwọ́ fún irin àti síńkì.

Ẹ má kó o jọ sí ìdí igi. Ibi tí òjìji rẹ̀ bá dé lọ́sàn-án gangan ni kí ẹ wò, ibẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ ni gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà. Ẹ da ìlàjì omi sílẹ̀ ná, ẹ wọ́n fatiláísà náà yí ká, kí ẹ tó wá da ìlàjì tó kù lé e. Ewé tirẹ̀ tó bá já sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí ó máa jẹrà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ní tirẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù fún igi tó ń ṣàìsàn.

Gíréèpù kì í fẹ́ tó ọsàn, pọ́ùn kan náítírójìn tó o lọ́dún. Bó bá pọ̀ jù, èèpo rẹ̀ á nípọn, omi inú rẹ̀ á sì dínkù.

Ewé tó ti pọ́n báyìí lè má dúdú tán padà, ẹ má já a, ó ṣì ń wúlò fún igi. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn tí ẹ bá fún un ní irin ni kí ẹ máa wò, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bó bá yọ tó dúdú látòkèdélẹ̀, omi àti irin náà ti bọ́ sí i nìyẹn. Bó bá ṣì ń pọ́n, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 lẹ́bàá igi náà, ẹ kún un fómi, kí ẹ sì wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, caliche ló wà nísàlẹ̀. Kí ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó ra nǹkan kan mọ́.