Ṣé ẹni tí orí ẹ̀ dàrú rí náà ló máa wá fọ̀nà iṣẹ́ han ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin mi wà ní 200 level ní Unilorin kí àìsàn ọpọlọ tó dé, ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ó ń lo oògùn, ó ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ara ẹ̀ ti balẹ̀, àmọ́ inú ilé ló ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní kíliníìkì wọ́n ní kó lọ bá àwọn kan tó ti ṣe irú àìsàn yìí rí, pé wọ́n máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti padà síléèwé tàbí kí wọ́n ríṣẹ́. Bàbá ẹ̀ ní rárá, pé afọ́jú kì í fi afọ́jú mọ̀nà. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá kan, Òkèlélé, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí Bàbá dáadáa, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yé mi. Àmọ́ èmi ò ní pe àwọn ọmọ yẹn ní afọ́jú o, wọ́n ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, wọ́n mọ ibi tí kòtò wà.

Ọmọ kan wà tó ń hun òfì kó tó ṣàìsàn. Ìgbà tó padà sídìí iṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀gá ẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ló dà. Tó bá wá sọ́dọ̀ wa tá a ní ṣé kò sí nǹkan, á ní kò sí, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣàìsàn rí ló lọ jókòó tì í nídìí òfì lọ́jọ́ kan, ló bá ní, “Ọwọ́ tèmi náà gbọ̀n báyìí, oògùn ni, lọ sọ fún dókítà.” Dókítà dín oògùn yẹn kù, ó fi òmíì tó ń dá gbígbọ̀n dúró kún un, ọmọ ń hunṣọ títí dòní. Èmi tí mo ní sátífíkéètì, mi ò rí i.

Àwọn tó jáde ní ọsibítù ọpọlọ ní New York ló bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ báyìí ní nǹkan bí ọdún 1940 sí i, àwọn ló wá di ẹgbẹ́ Fountain House ní 1948, kì í ṣe nǹkan àná. Níbí náà, ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ ní Aró lÁbẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ káwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, kí wọ́n máa bá wọn roko. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní IPS, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀: wọn ò ní kéèyàn kọ́kọ́ gbádùn tán pátápátá, tó bá ti lóun fẹ́ ṣiṣẹ́ wọ́n á bá a wá iṣẹ́ gidi, wọ́n á wá máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn lórí iṣẹ́ yẹn. Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé ó ń jẹ́ kéèyàn púpọ̀ ríṣẹ́ ju kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún gbáko kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó wá iṣẹ́ lọ.

Ti iléèwé ló jẹ mí lógún jù. Ṣé ẹ kọ lẹ́tà sí wọn nígbà tó ṣàìsàn àbí ó kàn pòórá? Ẹ gba rìpọ́ọ̀tù lọ́wọ́ dókítà, kó lọ rí level adviser ẹ̀, kó bi í bí òun ṣe lè padà wọlé àti bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun dín course kù fún sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́. Ibi tí ẹni tó ti ṣe é rí ti wúlò nìyẹn, ó lè bá a wọ kẹ̀kẹ́ dé Tanke lọ́nà Unilorin, nítorí lójú ẹni tí àìsàn yìí bá ti ṣe, gbogbo ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ló ń wo òun. Á tún sọ fún un ẹni tó yẹ kó mọ̀ àti ẹni tí kò kàn. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 ní wọn ò gbọdọ̀ yan àwọn tó ní àléébù, títí kan ti ọpọlọ, nípọ̀sín, àmọ́ ọ̀gá tó ń tẹ̀ lé e ò wọ́pọ̀ nígboro wa, ẹ má gbára lé e jù.

Kí ẹ ṣáà rí i pé ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣàìsàn rí yẹn ń bá kíliníìkì ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní kó jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́, tàbí tó ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sá fún un. Àdúrà Alfa ò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹ ṣe méjèèjì. Tí kò bá rí oorun sùn fún òru méjì, ẹ pe ọsibítù, ẹ má pe ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí Bàbá fúnra wọn tẹ̀ lé e lọ, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n bi àwọn ọmọ yẹn léèrè ohun tó bá wù wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ èyí tó burú ju afọ́jú lọ.