Ìlú le, a tún ń jó

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀, aṣọ ẹbí ti jáde, mo sì ti san díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ọkọ mi ní àròjinlẹ̀ mi kò tó, pé ẹni tí kò rí ìrẹsì rà ló ń wá ibi ijó. Wọ́n ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀rín tí à ń rín nílùú yìí. Ṣé òótọ́ ni?
— Olùkọ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ní 2003, ìwádìí àgbáyé tí wọ́n ń pè ní World Values Survey gbé Nàìjíríà sípò kìíní láàárín àwọn tínú wọn dùn jù láyé. Ṣùgbọ́n ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ; ta ni yóò bi Yorùbá pé "ṣé dáadáa ni?" tí kò ní gbọ́ "a dúpẹ́", bí òrùlé tilẹ̀ ń jò?

Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Gbági, n'Íbàdàn, ni mo ti ń ta aṣọ nígbà tí SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé ní 1986. Náírà tó ti ń bá dọ́là ṣe ẹgbẹ́ já wálẹ̀, tòkunbọ̀ di ọkọ̀ gbogbo ayé. Àwọn oníbàárà mi kò ṣíwọ́ ayẹyẹ. Léèsì ni wọ́n pa tì, wọ́n ń ra àǹkárá, wọ́n sì ń jó nínú rẹ̀ títí di alẹ́.

Ti 2023 ló ká mi lára jù. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lóṣù Karùn-ún wọ 617 níbi púpọ̀ lóṣù Keje. Àbúrò mi kan ní Ìkìrun kò wá sípàdé ẹbí mọ́, ó ní ara òun kò yá. Ara rẹ̀ le kóko! Owó ọkọ̀ ni kò sí, ojú sì ń tì í. Ebi ń dunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn ló ń jẹ ayọ̀ wa run. Ẹni tí kò lè wọkọ̀ lọ kí èèyàn, tí kò rí nǹkan gbé fún àlejò, yóò máa fà sẹ́yìn títí wọn kò fi ní retí rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, lọ síbi òkú yẹn. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kí ó fi owó tí o ti san ka ti gèlè, kí o wọ àǹkárá tó wà nínú àpótí. Má yá kọ́bọ̀, má sì fọwọ́ kan owó àjọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ṣé ọkọ rẹ mọ iye aṣọ náà kí o tó sanwó? Lẹ́tà rẹ kò sọ, mo sì fura. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló ń bí i nínú, tọrọ àforíjì, kí o sì mú un dání lọ. Àwọn tó ń bínú sí ayẹyẹ ló máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín jù.