Kápúsù olú fún awọ tó ń gbẹ: ṣé ó ń fún ara lómi lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, fámásísì wa. Ìlọrin ni mo ń gbé, ẹni ọdún 43 ni mí. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ojúgun mi á funfun bí ẹni tó jókòó sínú eérú, gìgísẹ̀ mi á là, mo á máa họ ara títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àbúrò mi tó wà ní London wá fi ìgò kápúsù kan ránṣẹ́ sí mi, 60 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ Tremella sí i lára, wọ́n ní olú ni, pé ó ń fa omi ní ìlọ́po 500 ìwọ̀n ara ẹ̀, pé á mú kí awọ tutù láti inú. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n kàn máa ra olú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kí n máa jẹ ẹ́? Màmá mi náà fẹ́ máa lò nínú ẹ̀, ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tí ẹbí wọn wà lókè òkun ló sì ń bi mí jù, torí náà ẹ jẹ́ n kúkú dáhùn ẹ̀ dáadáa. Kí n ti sọ èyí tó ṣe kókó jù ná: omi tí olú yẹn ń mu nínú abọ́ kọ́ ni omi tó ń dé ojúgun yín.

Tremella, olú gidi ni o, kì í ṣe ayédèrú. Ó pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń jẹ ẹ́, "etí fàdákà" ni orúkọ tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí. Wọ́n tiẹ̀ ní Yang Guifei, ààyò ọba Ṣáínà kan láyé ìdílé Tang tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹwà ẹ̀, òun ló ń jẹ tí ojú ẹ̀ fi ń dán. Ìtàn ni wọ́n ń pa, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí ìtàn yẹn nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó. Mo ti ra èyí tó gbẹ rí l'Ékòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ Ṣáínà, ó le gbagidi, ó fúyẹ́, ó dà bíi kànrìnkànrìn tó ti pẹ́ lójú oòrùn. Mo rẹ ẹyọ kan péré sínú abọ́, kò tó wákàtí kan tó fi wú kún abọ́ bámúbámú, ó ń mì jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Ìgbà tí mo sè é, omi ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ìgbà tó yá ó ń fà bí ilá.

Ilá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tó ń mú ilá yọ̀ àti ohun tó ń mú Tremella yọ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n, polysaccharide ni àwa ń pè é, ìyẹn ni pé ṣúgà lóríṣiríṣi tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan, omi ló sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Okùn yẹn ti gùn jù, kò lè gba ara ìfun kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà, inú wa ò sì ní nǹkan tó lè já a. Ìfun ńlá ló máa balẹ̀ sí, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbébẹ̀ á sì jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n pé kó gba inú ẹ̀jẹ̀ rìn dé ojúgun, kó jókòó síbẹ̀, kó máa fa omi ní ìlọ́po 500, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, àwa tá a ti ń jẹ ilá láti kékeré, ara ta ni ì bá tún máa gbẹ?

Irú ọ̀rọ̀ ìlọ́po-ìlọ́po yẹn, ìpara ló bá mu. Tí wọ́n bá yọ ohun tó ń yọ̀ yẹn lára olú, tí wọ́n pò ó mọ́ ìpara, tẹ́ ẹ fi pa ojú, á di omi mú sórí awọ fúngbà díẹ̀, ìyẹn yé mi. Àwọn tó ń ta kápúsù ló lọ gbé ẹ̀wù ìpara wọ kápúsù.

Kí n má bàa ṣe ojúsàájú o, ọ̀nà kan tún wà tí olú fi lè kan awọ ara, òun gan-an ni mo máa ń fẹ́ káwọn èèyàn bi mí. Ẹ wo orí awọ yín bí ògiri búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, sìmẹ́ǹtì àárín wọn wá jẹ́ ọ̀rá. Bí ìdajì ọ̀rá yẹn ló jẹ́ ceramide, cholesterol àti fatty acid ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Tí sìmẹ́ǹtì yẹn bá ti ń ṣí, omi inú ara á máa gba ojú ihò sá jáde. Ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà fẹ́ wá sì rèé, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ dé 15%, afẹ́fẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ bẹ́ẹ̀, ara yín ló máa mu.

Olú náà ní irú ọ̀rá yìí lára, glucosylceramide lorúkọ ẹ̀. Àwọn ará Japan máa ń yọ ọ́ lára olú bíi maitake àti tamogitake, wọ́n tún ń rí i lára ìrẹsì àti konjac, ohun ọ̀gbìn kan tí ìdí ẹ̀ wú bí iṣu. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré gan-an, bíi 0.6 sí 1.8 miligíráàmù lóòjọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi tó ń sá jáde lára àwọn kan dín kù díẹ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ò pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹni tó ń ta ọjà ló gbówó àyẹ̀wò kalẹ̀, ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ sì rí, ojú lè má rí i. Láti April 2015 ni òfin Japan ti gbà kí ilé iṣẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára ọjà tí wọ́n bá ti kó ẹ̀rí wọn fún ìjọba, ìjọba ò sì nílò láti fọwọ́ sí i kó tó dé ọjà. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí "wọ́n gbà á ní Japan" lára nǹkan, ẹ rántí bí wọ́n ṣe gbà á. Ó ṣe tán, Tremella nìkan ni wọ́n kọ sára ìgò tiyín, ìyẹn kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ohun tó wà nínú kápúsù gan-an tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Àwọn kan kì í lo olú fúnra ẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ tó rí bí òwú funfun ni wọ́n máa gbìn sórí ìrẹsì tàbí ọkà, wọ́n á wá lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ tìrẹsì-tìrẹsì. Oníbàárà mi kan gbé irú ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo ṣí kápúsù kan, mo da ẹ̀bu inú ẹ̀ sórí àwo funfun, mo wá kán ayódíìnì tá a fi ń wẹ ojú egbò lé e, ẹ̀kán kan péré. Ó dúdú bí aró lójú ẹsẹ̀. Gàrí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣu ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, sítáàṣì nìyẹn. Obìnrin yẹn wo àwo, ó wò mí, ó ní "fámásísì, ṣé èlùbọ́ ni mo ti ń gbé mì látoṣù mẹ́ta?" Ẹ̀rín ò jẹ́ n lè dá a lóhùn. Tẹ́ ẹ bá máa ra èyíkéyìí, ẹ wo ẹ̀yìn ìgò bóyá wọ́n kọ "fruiting body" síbẹ̀, ìyẹn ni pé olú fúnra ẹ̀ ni wọ́n lò. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ wa níbí lẹ ti rà á, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì ka ìlà kékeré tó sọ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà yẹn ò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ o.

Ti olú ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, ó dùn, mi ò lè fi olú ọ̀rán du ẹnikẹ́ni nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Bí 90% olú tútù ló jẹ́ omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi náà ò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kọ́ọ̀bù. Ẹ kàn má lọ já èyí tẹ́ ò mọ̀ nínú igbó, ẹ má sì gba ti àwọn tó ń sọ pé tí kòkòrò bá ti jẹ lára ẹ̀ kò ní májèlé, kòkòrò lè jẹ ohun tó máa pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá sì rí Tremella gbígbẹ rà, ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ sè é, ẹ má fi sínú omi mọ́jú nínú ooru wa yìí. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń hù lára ẹ̀, ó ń pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní bongkrekic acid, tí sísè ò lè pa, ó ti pa èèyàn ní Ṣáínà. Òun náà ni wọ́n rí nídìí ikú èèyàn 75 tó mu ọtí ìbílẹ̀ ní Chitima, Mozambique, ní January 2015. Shiitake, irú olú mìíràn, náà ní tiẹ̀: tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ ní tútù tàbí tí kò jinná, ara àwọn kan máa ń là gbọọrọ-gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n na ní pàṣán, láti 1977 ni wọ́n ti kọ nípa ẹ̀ ní Japan. Ẹni tó ń wá awọ tó dáa, tó wá ń họ ara ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ojúgun yín. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀, kì í ṣe omi tó gbóná janjan, kẹ́ ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi kànrìnkànrìn líle sílẹ̀ títí ọyẹ́ á fi lọ, ẹ sì dín ọṣẹ dúdú kù sí abíyá àti ojú ara, eérú inú ẹ̀ ń fọ ọ̀rá yẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ má nu ara gbẹ tán, ẹ fi táwẹ́lì tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe ṣì ń rin yẹn ni kẹ́ ẹ fi òrí pa á. Ìlọrin lẹ wà, ẹ ò ní wá òrí tì. Fásilíìnì náà lágbára gan-an, òun ló ń dí ojú ihò yẹn jù. Gilisarín wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fi òun nìkan pa ara lásìkò ọyẹ́, tí kò bá rí omi fà nínú afẹ́fẹ́, inú awọ yín ló máa ti fà á, ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ wá fi òrí lé e. Fún gìgísẹ̀ tó là, ẹ wá ìpara tó ní urea (ohun tó ń mú awọ líle rọ̀) 10% nínú, ẹ fi pa á lálẹ́ kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo ìpara tó ń bó ara, ẹ má bínú sí mi, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, omi inú agbọ̀n ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fi èékánná fa ìlà lé ojúgun méjèèjì, ẹ wo èyí tó funfun. Kápúsù ò lè gba irú ìdánwò yẹn, ohun tó tún jẹ́ kó ṣòro ni pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nísinsìnyí tí ara le jù, tó bá fi máa di oṣù kẹta, ọyẹ́ ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ara gbogbo ayé ń dán, kápúsù á wá gba ìyìn. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ mu tiyín nítorí kí inú àbúrò yín má bàa bàjẹ́, tẹ́ ò lóyún, tẹ́ ò fún ọmọ lọ́mú, tẹ́ ò sì lo oògùn kankan, mi ò ní bá yín jà, kẹ́ ẹ sáà ti dá a dúró tí ara bá ti yún tàbí tí inú ń run. Àmọ́ tí ara bá ń gbẹ títí wọnú òjò, tí irun ń re, tó ń rẹ̀ yín, tí òtútù ń mú yín níbi tí kò mú ẹlòmíì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ iwájú ọrùn, àti ti ṣúgà.

Ti màmá ni mi ò fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ kápúsù olú, wọn kì í jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n máa ń po reishi, irú olú mìíràn, mọ́ ọn, reishi sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, ẹ wá lọ fi kún warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí irú ẹ̀, eyín lásán tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè kọ̀ kó má dá. Àwọn olú kan tún lè fa ṣúgà wálẹ̀, tí wọ́n bá ń lo glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ó lè wálẹ̀ jù lóru tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Fún ẹsẹ̀ wọn, òrí tàbí ìpara urea yẹn náà ni, ẹ fi pa ojúgun, àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, ẹ má fi sí àárín ọmọ ìka, ibẹ̀ máa ń rin jù, ó máa ń bó, onítọ̀ ṣúgà ò sì gbọ́dọ̀ ní egbò lẹ́sẹ̀. Alaalẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, torí wọ́n lè ní ojú egbò kí wọ́n má mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ìgò yẹn àti ti páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n tó fi kápúsù kankan sẹ́nu.