Ariwo kíbọ́ọ̀dù ní yàrá ìkàwé: ẹ̀rọ ni àbí ọwọ́?

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́sọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlọrin, Tanke ni mo sì ń gbé. Nítorí pé iná kì í dúró ní ilé tí mo gbà, yàrá ìkàwé kan tí wọn kì í tì títí di alẹ́ ni mo ti ń kàwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń jókòó kọjú sí mi lórí tábìlì kan náà, kíbọ́ọ̀dù tí ó ń tan iná aláràbarà ni ó sì máa ń so mọ́ laptop rẹ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, kó-kó-kó ni yóò máa dún, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀, èmi yóò sì máa ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní bí etí mi bá gbẹgẹ́, kí n lọ máa kàwé ní ilé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ń ṣe àṣejù, pé àwọn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí mo ń wí. Ṣé etí mi ni kò dára ni? Ṣé kí n kọ̀wé sí alábòójútó yàrá náà pé kí ó fòfin de laptop pátápátá?
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Tanke, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, etí rẹ dára, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣejù ni. Ohun tí ó ń ṣe ọ́ ní ìdí.

Ìlọrin ni o wà, nítorí náà kò sí bí o kò ṣe ní í ti kọjá nídìí ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ogójì ọmọ lè jókòó sórí ẹní, kí olúkúlùkù máa ké ohun tí wọ́n kọ sí wàláà tirẹ̀ ní ohùn rara, síbẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò há ti ara rẹ̀ sórí. Ariwo náà pọ̀ ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó ti dàpọ̀, ó ń lọ geere bí omi odò, ohùn ọmọ fúnra rẹ̀ sì ń bo ti ẹnì kejì. Ariwo tí ó bá dúró lójú kan ni etí ènìyàn máa ń gbàgbé. Èyí tí ó bá ń dún tí ó ń dákẹ́, tí a kò mọ ìgbà tí yóò tún dún, ni ọkàn kì í yéé retí, ìrètí yẹn gan-an ni ó sì ń já okùn ìwé kíkà mọ́ ọ lọ́wọ́.

Kíyè sí i ní alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Fáànù òkè yóò máa fẹsẹ̀ fà títí yóò fi dúró, kìkì ojú àwọn tí ń lo laptop ni yóò sì kù tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí, nítorí pé ẹ̀rọ tiwọn ní bátìrì. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ìró bọ́tìnì tí o kò gbọ́ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn yóò máa dún bí ẹni ń ju òkúta sórí páànù. Kíbọ́ọ̀dù náà kò yí ìró padà, fáànù tí ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni ó lọ. Ó ṣeé ṣe kí abẹ́ fáànù ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń jókòó sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ ní ọdún 1999, nínú ìlànà rẹ̀ lórí ariwo, pé kí ariwo tí ó bá wà nínú kíláàsì nígbà ẹ̀kọ́ má ṣe ju decibel 35 lọ (decibel ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó). Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tó bí i decibel 30, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bára wọn sọ ní ìjókòó sì tó bí i 60. Ìwọ náà rí i pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bí ó ti ń tan iná tí ó sì ń dún kó-kó yẹn, ó jọ pé oríṣi tí ó ní sípíríǹgì lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni. Bọ́tìnì ara laptop kì í sábà wọlé ju mílímítà kan sí méjì lọ, rọ́bà kékeré kan ni ó sì ń gbà á lábẹ́. Ti oríṣi tí mo ń wí yìí máa ń wọlé tó mílímítà 4, bí ìka bá sì tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ike yóò lu ike. Èyí tí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń pè ní aláwọ̀ búlúù tún ní ohun kékeré kan nínú tí wọ́n dìídì ṣe kí ó máa dún, nítorí pé àwọn kan fẹ́ràn kí etí wọn jẹ́rìí sí ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ná owó tí ó pọ̀ lé e, kí inú rẹ̀ sì máa dùn sí ìró náà. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi gbaná jẹ nígbà tí o jágbe mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀bi náà wà lọ́rùn tábìlì. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọ́fíìsì kan ní Ọ̀fà ni mo ti ṣe iṣẹ́ táípíìsì, àwa mẹ́fà ni a sì ń tẹ táípúráítà nínú yàrá kan. Ọjọ́ kìíní tí mo gbé ẹ̀rọ tèmi sórí tábìlì pákó lásán, ọ̀gá wa obìnrin kò bá mi wí. Ó gbé ẹ̀rọ náà sókè, ó ká aṣọ nípọn kan sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ìró náà ṣe já wálẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Tábìlì tí inú rẹ̀ ṣófo kò yàtọ̀ sí ìlù: ọwọ́ ń lù ú lápá kan, ó ń dún jáde lápá kejì. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ń tẹ̀ ẹ́, tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ sórí tábìlì, ìwọ náà yóò mọ̀ ọ́n lára. Bóyá ilẹ̀ yàrá yín tilẹ̀ jẹ́ táìsì, tí ògiri rẹ̀ sì jẹ́ símẹ́ńtì, tí kò sí kọ́tìnì kankan tí yóò gba ìró dúró.

Nítorí náà, padà lọ bá a, kí o sì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ìjágbe ọjọ́sí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó, ìwọ sì ti yọ ọfà lẹ́ẹ̀kan. Má ṣe bá a sọ ọ́ nígbà tí ó bá ń tẹ nǹkan lọ́wọ́. Dúró kí ó dìde láti lọ mu omi, kí o wí pé, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí ti ìjọ́sí, ohùn tí mo fi sọ ọ́ kò dára. Ìró kíbọ́ọ̀dù yín ń gba inú tábìlì wá bá mi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì yìí sábẹ́ rẹ̀?” Kí táwẹ́ẹ̀lì náà wà lọ́wọ́ rẹ bí o ti ń sọ ọ́. Mo fẹ́ kí o fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí a bá gbé ojútùú fún kì í rí ọ̀nà àtijà. Bí ó bá gbà, kí o fi kún un pé kíbọ́ọ̀dù tó wà lára laptop rẹ̀ gan-an yóò tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn lálẹ́, kí ó máa lo olówó ńlá náà ní ilé.

Àyè ìjókòó tìrẹ náà ṣe kókó. Bí o bá sún jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì níta gbangba, ìró náà yóò fi decibel 6 dín kù. Nínú yàrá, ògiri kì í jẹ́ kí ó dín kù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí o bá kúrò lórí tábìlì rẹ̀, o ti bọ́ lọ́wọ́ ìlù. Òwú tí àwọn kan máa ń ki bọ etí kò ṣe nǹkan púpọ̀. Ìdíetí oní-fóòmù tí àwọn òṣìṣẹ́ ibi ẹ̀rọ ń lò sàn jù ú lọ.

Ní ti pé kí wọ́n fòfin de laptop, n kò bá ọ fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tí iná kò sì sí ní ilé òun náà, ibo ni kí ó lọ? Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tí ó ń mú kí lẹ́tà tóbi kí ó tó lè kà á ńkọ́? Kọ̀wé sí alábòójútó, ṣùgbọ́n kí o bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ya tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń tẹ̀wé, kí ó sì fi tábìlì inú lọ́hùn-ún sílẹ̀ fún àwọn tí ń kàwé.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí Òmù-Àrán. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, ìró bọ́tìnì laptop yóò gba gbogbo kíláàsì, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò sì máa ní kí n tún un sọ. Ṣé ó burú bí mo bá ní kí wọ́n má mú un wọlé mọ́?
Olùkọ́, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín: ṣé ẹ máa ń pe nóòtì fún wọn kọ? Bí ẹ bá ń pè é lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń bẹ ariwo náà lọ́wẹ̀, nítorí pé gbogbo ìka ni yóò máa sáré tẹ̀lé ẹnu yín. Ní ọdún 2014, Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń fi laptop gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju àwọn tó fi ọwọ́ kọ ọ́, wọ́n sì ń dà á kọ bí ó ti jáde lẹ́nu olùkọ́. Wọ́n tún ní òye àwọn tó fi ọwọ́ kọ ọ́ jinlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní ọdún 2019, apá yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má ṣe gbé òfin kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ fún wọn ní nóòtì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ pé àlàyé nìkan ni wọn yóò máa gbà sílẹ̀. Kí àwọn tí ń fi ọwọ́ kọ̀wé wá síwájú, kí ohùn yín lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, kí àwọn onílaptop sì wà ní igun ẹ̀yìn kan. Ẹni tí etí tàbí ojú rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó dúró níwájú pẹ̀lú laptop rẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, kí ẹ sì mú aṣọ nípọn kan dání fún un.