Ṣé wọ́n lè fi ooru jó kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn ká, kí aláìsàn tún gba kẹmotẹ́rápì, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè ṣe méjèèjì pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló yẹ fún.

Abẹ́rẹ́ gígùn ni dókítà máa ń kì bọ àárín egungun ìhà, tí ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara, á máa fi ọ̀nà hàn án títí tí ẹnu abẹ́rẹ́ yóò fi wọ inú kókó náà. Ooru á wá jó o pa. Ibi tí abẹ́rẹ́ dé nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Kẹmotẹ́rápì ní tirẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara, ó ń lépa jẹjẹrẹ tó ti sá lọ síbòmíràn.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lórí aláìsàn 293, tó jáde ní 2020, ó tó nǹkan bí oṣù 10 kí àrùn náà tó tún gbérí lára ìdajì àwọn tó gba méjèèjì. Oṣù 5 ni fún àwọn tó gba kẹmotẹ́rápì nìkan. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí ìwòsàn pátápátá.

Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ló máa ń jó dáadáa jù. Afẹ́fẹ́ lè jò sí àyíká ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹni tí mímí ti nira fún gan-an lè má yẹ fún un.