Ìbéèrè Yín: Ibo Gan-an Ni Ká Fi Aláàmù Èéfín Sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláàmù èéfín oníbátìrì méjì ni mo rà. Mo so ọ̀kan sí ilé ìdáná, èkejì ṣì wà nínú páálí. Bí ìyàwó mi bá ti ń dín dòdò báyìí, ariwo ló kù. Ó ti yọ bátìrì rẹ̀ sọ sínú dúrọ́ọ̀. Yàrá mẹ́ta ni ilé wa ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló sì ti pálọ̀ lọ sẹ́nu wọn. Ibo ló yẹ kí méjèèjì wà? (Òǹkàwé kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí ìyàwó yín. Aláàmù ò mọ èéfín dòdò yàtọ̀ sí èéfín ilé tó ń jó. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ibi ìdáná tó mítà mẹ́ta, ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò máa ṣọ́ ilé ìdáná, aláàmù ooru ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Òun ò níṣẹ́ kankan pẹ̀lú èéfín. Ìgbà tí ooru ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá tó nǹkan bí 58°C ló ń ké.

Nínú méjì tó wà lọ́wọ́ yín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá ni ti àkọ́kọ́. Iná òru la ń bẹ̀rù jù. Ẹni tó ti sùn lọ kì í sábà gbóòórùn èéfín kó jí, olóró inú èéfín náà tún lè mú kí oorun ọ̀hún wọra sí i. Iná tó bá ṣẹ́ ní pálọ̀ tàbí nílé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni èéfín rẹ̀ máa gbà dé ọ̀dọ̀ yín, ibẹ̀ náà sì lẹ máa gbà sá jáde. Ẹ fi èkejì sí pálọ̀, níbi tí tẹlifíṣọ̀n, ínfátà àti wáyà oríṣiríṣi wà.

Àárín àjà ló dára jù, torí òkè ni èéfín kọ́kọ́ ń gùn kó tó tàn kálẹ̀. Kó jìnnà sí ògiri àti gílóòbù tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé kọ̀rọ̀ tí àjà ti pàdé ògiri, èéfín lè pẹ́ kó tó débẹ̀. Bí ìwé inú páálí bá gbà yín láyè láti kàn án mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kó wà ní 15 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ àjà. Ilé tí kò ní àjà, ògiri inú ni kí wọ́n lò, kì í ṣe abẹ́ páànù. Bí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ gbígbóná a kóra jọ sábẹ́ páànù, kò ní í jẹ́ kí èéfín gòkè débẹ̀.

Fáànù àjà ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ó ń fẹ́ èéfín dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ aláàmù, nítorí náà ẹ fi mítà kan sílẹ̀ láti ṣóńṣó apá rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù àti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, nítorí ooru omi gbígbóná lè mú un ké lásán. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sábẹ́ rẹ̀ o.

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ gbé aláàmù sókè síbẹ̀, kí ẹnì kan wọ yàrá tó jìnnà jù, kó tilẹ̀kùn, kó tan fáànù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ pé fírífírí ló ń gbọ́ ọ, ẹ ra ẹ̀kẹta sí yàrá yẹn. Àwọn ọmọdé mìíràn wà tí ariwo yìí ò ní jí, ẹ yan àgbàlagbà tí yóò máa lọ jí wọn.

Ìbéèrè: Ilé alájà kan la rẹ́ǹtì. Ìsàlẹ̀ nìkan ni onílé fi aláàmù sí, òkè la sì ń sùn. Ṣé ó tó? (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Kò tó. Láti 1 Oṣù Kẹwàá 2015 ni òfin England ti ní kí onílé tó ń gba owó ilé fi aláàmù èéfín kan, ó kéré tán, sí ìpele kọ̀ọ̀kan tí yàrá gbígbé wà. Láti 1 Oṣù Kẹwàá 2022, bí ẹ bá ti sọ fún un pé ó bàjẹ́, dandan ni kó tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ má fẹnu sọ ọ́ nìkan. Òkè àtẹ̀gùn, lẹ́nu yàrá yín, ni kó fi í sí. Ẹ ní kó ra irú tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé bí ti ìsàlẹ̀ bá ké, ti òkè á ké. Tàwọn Scotland tiẹ̀ dára jù lójú wa: láti Oṣù Kejì 2022, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti òkè àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, aláàmù ooru nílé ìdáná, gbogbo wọn sì so pọ̀.

Ìbéèrè: Tèmi ń ké “kí” lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdájí ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò síná, kò séèfín. (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Bátìrì ló ń kú lọ. Òtútù ìdájí máa ń dín agbára rẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí kì í fi ké lọ́sàn-án. Ẹ fi tuntun gidi sí i. Bó bá ṣì ń ké, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lẹ́yìn rẹ̀: bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojú rẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí eruku àti aláǹtakùn ń wọ inú rẹ̀. Kí akunlé má fi ọ̀dà kùn ún.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè mọ̀ bí gáàsì bá ń jò, tàbí bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá ń wọlé? (Òṣogbo)

Ìdáhùn: Rárá. Aláàmù gáàsì lọ́tọ̀, ti kábọ̀n mọnọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, lọ́tọ̀. Gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá mọ́, nítorí náà nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀ ni aláàmù rẹ̀ ń wà. Gáàsì páìpù ti Lọ́ńdọ̀nù fúyẹ́, ẹ̀bá àjà ni tirẹ̀. Kábọ̀n mọnọ́ksáìdì kò láwọ̀, kò lóòórùn, afẹ́fẹ́ ló sì ń dà pọ̀ mọ́: yàrá tí ẹ ń sùn ni kí aláàmù rẹ̀ wà, níbi tí orí yín ń dé lórí bẹ́ẹ̀dì. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ìta gbangba, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé, títí kan ilé aládùúgbò.